Àìkú Tó Di Àrùn

Ní ilé wa, "Àìkú ni baálẹ̀ ọrọ̀" ni Màmá Àgbà fi máa ń kádìí àdúrà, gbogbo wa á sì ṣe àmín. N kò mọ̀ pé àìkú lè di àrùn, àfìgbà tí dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CLL ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Mo rò pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì kàn ń pọ̀ sí i ṣáá. Ìgbà tí mo dé ipele kẹta ni mo tó gbọ́ pé olórí ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan kọ̀, wọn ò kú nígbà tó yẹ. Ikú sẹ́ẹ̀lì ní ètò. Òun ló la ìka wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oyún. Purotéènì kan, BCL2, ló máa ń dá ikú yìí dúró. Ta ló wá ń ká BCL2 lọ́wọ́ kò? RNA kékeré méjì ni: miR-15a àti miR-16-1. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju bíi létà 22 lọ, ara kì í sì í fi wọ́n ṣe purotéènì kankan. Wọ́n á kàn lẹ̀ mọ́ RNA tó ń jíṣẹ́ BCL2, iṣẹ́ náà kò sì ní í dé ibi tí a rán an.

Ní ọdún 2002, George Calin, Carlo Croce àti ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé apá krómósómù 13 tí àwọn méjèèjì wà máa ń sọnù lára ọ̀pọ̀ aláìsàn CLL. Ní 2005, wọ́n fi hàn pé BCL2 ni wọ́n ń dá lẹ́kun.

Mo yà á sórí ìwé fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ní ọjọ́ pẹ́ tí àwọn kan ti ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀ nínú DNA ní pàǹtí. Iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń dá mẹ́sẹ́ńjà dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ ń pè ní pàǹtí? Ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ ìjọba rí."

Wọ́n bi mí bóyá oògùn wà. Mo ní ó wà: venetoclax, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2016, ń dí BCL2 lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Èló ni?"

Mo dákẹ́.

Dókítà ṣì ní kí a máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ná, kò tíì tó oògùn. Bí Màmá Àgbà bá gbàdúrà báyìí, mo ṣì ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi kún un nínú mi pé: kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kú lásìkò rẹ̀, kí ọmọ yín lè pẹ́.