Láti Ìsọ̀ Atúnrédíòṣe dé Orí Arduino: Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Kékeré ní Ìwáyà

Ṣíṣe ẹ̀rọ kéékèèké tó lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, pé omi ti kún, tàbí pé ẹnìkan ń kọjá, kò ti inú kíláàsì wọ Ìwáyà. Ìsọ̀ àwọn atúnrédíòṣe ló ti jáde. Àdúgbò náà wà láàárín Yunifásítì Èkó ní Akọka àti Màkókó létí ọ̀sà, Yaba College of Technology kò sì jìnnà sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ń jó lẹ́ẹ̀dì lójú títì níbẹ̀ kò ní ṣàì rí oríṣi oníbàárà méjì: ẹni tí rédíò rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ti sún mọ́lé tí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1935 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ètò rédíò wọ ilé àwọn tó ń sanwó fún un l'Ékòó. Àpótí tí ètò náà ń gbà jáde, tí wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, kò ní ohun púpọ̀ nínú tó lè bàjẹ́, kò sì lè bọ́ atúnrédíòṣe kankan. Transístọ̀, tí wọ́n ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1947, ló sọ àtúnṣe di iṣẹ́ gidi. Nígbà tí rédíò oníbátìrì wọ ọjà, ó bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀, ìyálọ́jà àti apẹja. Ohun tó bá sì dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ máa gbálẹ̀ ìsọ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò jẹ́ kó fọwọ́ kan irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ transístọ̀ tó ti kú láìjó bọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe ń ka ìlà aláwọ̀ ara rẹsístọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi mítà tọpa iná títí dé ibi tó ti já. Bó bá tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, wọ́n á ṣe fírídọ̀mù fún un. Ọ̀nà yìí ni ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ yìí gbà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ iṣẹ́ náà dunjú kó tó mọ orúkọ tí ìwé ń pè é.

Ohun tí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi dá ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe ni 555, IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí Hans Camenzind yà ní 1971 fún ilé-iṣẹ́ Signetics. Pẹ̀lú rẹsístọ̀ méjì àti kapásítọ̀, 555 á máa tan iná, á sì máa pa á. LDR náà wà, rẹsístọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ di aláìlágbára: so ó mọ́ transístọ̀ kan, gúlóòbù ẹnu ọ̀nà á tan fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí iná pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kú ní láti tú lẹ́ẹ̀dì, kó yọ rẹsístọ̀ tàbí kapásítọ̀ kan, kó fi òmíràn rọ́pò.

Microcontroller ló gba irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, bí iná yóò ṣe pẹ́ tó, kúrò lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀dì. Odidi kọ̀ǹpútà nínú IC kan ni: ó ní ibi ìrántí, ó ní ẹsẹ̀ tó ń gba ìròyìn wọlé àti èyí tó ń pàṣẹ jáde. Intel gbé 8051 jáde ní 1980. AT89C51 tí Atmel ṣe nínú ìran rẹ̀, àti PIC ti ilé-iṣẹ́ Microchip, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá sí ìsọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń kọ kóòdù sínú wọn, ìwọ̀nba èèyàn ló sì ní in. Iṣẹ́ wá pín sí méjì: akẹ́kọ̀ọ́ á gbé IC tó ti ní kóòdù nínú wá, oníṣẹ́ á jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbé nǹkan kan wá ju owó lọ. Owó náà dára, kò sí ẹni tó máa jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kò mọ ohun tí kóòdù ń sọ, akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ìdí tí bọ́ọ̀dù fi ń gbóná, ẹ̀rọ tó bá sì kọ̀ lójú olùkọ́ kì í ní alágbàwí.

Ìlú Ivrea ní Ítálì ni Arduino, bọ́ọ̀dù tó ní microcontroller lórí, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, lọ́wọ́ Massimo Banzi, David Cuartielles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, lórí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Wiring, tí Hernando Barragán ti ṣe ṣáájú. Arduino Uno dé ní 2010. Ààyè kóòdù inú rẹ̀ jẹ́ kìlóbáìtì 32 péré, ṣùgbọ́n wáyà USB kan náà ló ń gbé kóòdù wọlé tó sì ń fún un ní iná, kò sí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ mọ́. Àwọn tó ṣe é kò fi àwòrán rẹ̀ pamọ́, ìdí nìyẹn tí àdàkọ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà fi kún ọjà Alábà àti Computer Village n'Íkẹjà. Ní 2011, Co-Creation Hub, ibùdó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣílẹ̀kùn ní Yábàá, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń yára sí i. Ọmọ tó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká lè rí kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, kó yí i bó ṣe wù ú.

Bí wọ́n bá ń kọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ní Arduino, iná tó ń ṣẹ́jú ni ìwé fi máa ń ṣáájú. Ní Ìwáyà, táǹkì omi ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn ilé tó ní pọ́ńpù àti táǹkì lókè mọ ohùn omi tó ń dà sílẹ̀ lóru nítorí pé ẹni tó tan pọ́ńpù ti sùn lọ.

Láti mọ ibi tí omi dé, sẹ́ńsọ̀ tí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ń rà ni HC-SR04. Ó ń ké ní ohùn tí etí kò lè gbọ́, ó sì ń wọn àkókò tí ìró náà fi lọ tó fi bọ̀: máíkíróṣẹ́kọ́ńdì 58 fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Bí ìró bá padà lẹ́yìn máíkíróṣẹ́kọ́ńdì 1,160, sẹ̀ǹtímítà 20 ló wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti omi. Lórí tábìlì, kò sí wàhálà. Nínú táǹkì, ọ̀rinrin á wọ ojú rẹ̀ méjèèjì, ìpata á sì mú un. Wáyà méjì tí wọ́n tì bọ omi kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí iná bá ń gba inú omi kọjá sí ọ̀nà kan náà láìdáwọ́ dúró, ìpata á jẹ ọ̀kan nínú wọn tán, àfi kí kóòdù máa fún un ní iná nígbà tó bá fẹ́ kà á nìkan. Lójú ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ yìí, súwíìṣì tó ń léfòó sójú omi ló borí méjèèjì. Kò fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́.

Títan pọ́ńpù ni ibi tí ìmọ̀ ìsọ̀ rédíò ti wúlò jù. Ẹsẹ̀ Uno kan kò yẹ kó gbé ju mílíáḿpù 20 lọ, rílè 5V kékeré, súwíìṣì tó ń tan pọ́ńpù, sì ń fẹ́ nǹkan bí 70. Transístọ̀ ló ń dúró láàárín wọn, pẹ̀lú dáyóòdù 1N4007 tí wọ́n so ní òdìkejì sí kọ́ìlì rílè, kí iná tó ń ta padà nígbà tí rílè bá kú má bàa pa transístọ̀ náà. Ẹni tó ti ìsọ̀ wá kì í gbàgbé dáyóòdù yìí. Ẹni tó ti orí kóòdù wá ń gbàgbé rẹ̀ ṣáá. Iná ìjọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bó bá dé, ó lè lọ kó tún dé kó tó dúró, microcontroller á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Kóòdù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa pọ́ńpù, kó sinmi díẹ̀, kó tó ka sẹ́ńsọ̀. Ibi tí omi ti ń tan pọ́ńpù àti ibi tó ti ń pa á gbọ́dọ̀ jìnnà síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rílè á máa ta pá-pá-pá bí omi bá ti ń mì. Ní ti wáyà 230V tó lọ sí pọ́ńpù, oníṣẹ́ iná ni kó so ó.

Rédíò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ìsọ̀ mọ́. Íńvátà àti ṣájà ló ń san owó ìsọ̀, tábìlì kan náà sì ni ọmọ iṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. ESP8266, tí ilé-iṣẹ́ Espressif ní Ṣáńgháì gbé jáde ní 2014, àti ESP32 tó tẹ̀ lé e ní 2016, ń gba ipò Uno nítorí Wi-Fi tó wà nínú wọn: táǹkì lè ránṣẹ́ sí fóònù onílé. Ṣùgbọ́n 3.3V ni wọ́n ń lò, 5V sì ni HC-SR04 ń dá padà. Rẹsístọ̀ 1kΩ láti ẹsẹ̀ Echo sẹ́ńsọ̀ náà, àti 2kΩ láti ìkángun rẹ̀ kejì lọ sí ilẹ̀, ló ń sọ ọ́ di 3.3V kó tó wọ ẹsẹ̀ ESP32.