Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ní ilé wa ní Igbó-Elérin, lẹ́bàá Òkòkòmáíkò, kàlẹ́ńdà kan wà tí ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já sọnù, bí ọdún tí a tẹ̀ sí i lára tilẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Àwòrán ọjà orí omi kan ní ilẹ̀ Thailand ni ó wà lára rẹ̀: àwọn obìnrin tí wọ́n dé akẹtẹ̀ ńlá, tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tóóró, tí èso àti ewébẹ̀ kún iwájú wọn. Wọ́n kọ orúkọ ọjà náà, Damnoen Saduak, sí ìsàlẹ̀. Mo ti kà nípa rẹ̀ pé odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́ ni, pé láàrin ọdún 1866 sí 1868 ni wọ́n gbẹ́ ẹ ní ayé Ọba Mongkut, kí odò Mae Klong àti odò Tha Chin lè pàdé, kí àgbẹ̀ sì rí ọ̀nà gbé irè oko rẹ̀ lọ sí ọjà. Ní ọjọ́ kan, mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ìyá mi. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó tún àwòrán náà wò, ó ní, "Ṣé àwọn Ẹ̀gùn ibẹ̀ nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹja ni ìyá mi tà ní ìgbà tí a wà ní kékeré. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a máa lọ sí etídò ní Ọ̀jọ́ láti pàdé àwọn obìnrin Ẹ̀gùn tí wọ́n ń gbé ẹja wá láti ìhà Àgbádárìgì. Wọn kì í sábà bọ́ sílẹ̀. Ìyá mi a wọ inú omi títí yóò fi mù ún dé orúnkún, wọn a jókòó sínú ọkọ̀ wọn, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Àwa ọmọ tí a ru agbọ̀n dúró létí omi a máa sín èdè wọn jẹ, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ẹni tí ó sùn sórí ilẹ̀ sàn ju ẹni tí ó sùn sórí omi lọ. Ìyá mi kò bá wa ṣe é. Ó mọ orúkọ olúkúlùkù wọn. Ó mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ọjà orí omi tí ó súnmọ́ wa jù nínú èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn ni ti Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo pinnu láti fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, kò béèrè bí ibẹ̀ ti jìn tó, kò sì béèrè iye owó ọkọ̀. Ohun tí ó sọ ni pé, "Bí o bá dé ibẹ̀, ra nǹkan o. Ẹni tí ó lọ sí ọjà tí kò ra nǹkan, ìran ló lọ wò."

Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni mo gbéra. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ní agbègbè tiwa a ti sọ ọ́ di pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ gbogbo ọjà: títì tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Láti ọdún 2009 ni iṣẹ́ fífẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní yóò ní ojú ọ̀nà mẹ́wàá, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin yóò gba àárín rẹ̀ dé Òkòkòmáíkò. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n láti Marina dé Mile 2 ni ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ mọ. Àwa tí a wà ní ìkọjá ibẹ̀ ṣì ń jẹ eruku ní ọ̀gbẹlẹ̀, a sì ń jẹ ẹrọ̀fọ̀ ní ìgbà òjò. Ọkọ̀ akérò tí mo wọ̀ ń rá pálá láti Òkòkòmáíkò lọ sí Ìjánikin, ó ń ti kòtò bọ́ sí kòtò. Nígbà tí mo ń pòṣé lemọ́lemọ́, obìnrin oníṣòwò kan tí ó jókòó tì mí bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í gbọ́ ti ẹni tí ó ń kánjú." Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni òun náà ń lọ. Ó sọ fún mi bí ojú ti pọ́n òun tó nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ó fi jókòó sílé, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ni wọ́n dí.

Nígbà tí a kọjá Àgbádárìgì tí a gun afárá Gbàjí, mo rí omi tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ ní abẹ́ wa. Kò sí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé ojú ọ̀nà àtijọ́ ni mo ń wò. Kí a tó la títì, ọ̀sà tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀jọ́ yìí náà ni àwọn oníṣòwò ń tọ̀ láti Èkó dé Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Láti Àjàṣẹ́, omi náà tún wọ adágún Nokoué. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ àti sùúrù lè ti Ọ̀jọ́ dé Ganvié láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé ọmọ omi ni àwa náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ Àwórì, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀jọ́, ìbáà jẹ́ ní Ìbà, ni pé àwo kan ni Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre gbé lé orí omi, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ibi tí àwo náà rì sí, ní Ìṣẹ̀rí, ni wọ́n tẹ̀dó sí. "Àwo ti rì" sì di Àwórì. Omi ni ó fi ọ̀nà hàn wá. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé láti ìgbà tí àwo ti rì ni a ti ń kọ ẹ̀yìn sí omi díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ibi tí a ń da ilẹ̀ sí.

Láti Sẹ̀mẹ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọ̀nù, mo sì sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí èbúté Abomey-Calavi, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fi ọkọ̀ gbé mi. Bí a ti ń wọ àárín adágún, mo rí àwọn ẹ̀ka igi tí a rì mọ́lẹ̀ nínú omi lọ́pọ̀lọpọ̀, bí ọgbà tí ó rú láti inú odò. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Ẹja a wá fara pamọ́ sí abẹ́ igi wọ̀nyí, wọn a jẹ níbẹ̀, wọn a bí sí i níbẹ̀. Nígbà tí ó bá tó àkókò, apẹja a fi àwọ̀n yí ibẹ̀ ká, a yọ igi kúrò, a sì kó irè rẹ̀. Oko ni. Àgbẹ̀ orí omi ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Tòfinù ni orúkọ ẹ̀yà tí ó tẹ Ganvié dó, ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà sì ni pé àwọn ènìyàn rẹ̀ yè bọ́. Ohun tí wọ́n yè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní ìgbà òwò ẹrú, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lọ tà ní etí òkun, àwọn wọ̀nyí sá wọ inú adágún. Wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn ọmọ ogun náà kò gbà wọ́n láyè láti jagun lórí omi. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọba wọn di lékeléke, ó fò yí ká títí ó fi rí ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Dàhòmì yìí náà ni ó gbógun ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, òun náà ni ó fọ́ Kétu ní ọdún 1886. Ṣùgbọ́n kí a má fi ọwọ́ bo ojú wa: Àgbádárìgì tí mo kọjá ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, èbúté òwò ẹrú ni òun náà, àwọn ènìyàn wa sì wà nínú àwọn tí ó tà. Yorùbá ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Àwọn Tòfinù mú kí ọ̀nà jìn sí ọ̀tá, kí ọmọ wọn má baà jìn sí baba.

Bí a ti wọ ìlú ni mo ń rí ilé lórí òpó, àwọn mìíràn tí a fi igi àti koríko kọ́, àwọn mìíràn tí a fi páànù bo orí wọn. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀. Ọmọdé tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n rán an. Láìpẹ́ a dé ọjà: ọkọ̀ fara kan ọkọ̀, akẹtẹ̀ fara kan akẹtẹ̀. Obìnrin ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Tòmátì wà, ata wà, ẹ̀kọ wà, ọṣẹ wà, igi ìdáná wà, ẹja tútù àti ẹja yíyan wà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn ọkọ̀ tí ó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi mímu. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, omi òkun máa ń gba ojú ọ̀nà omi tí àwọn Faransé là sí Kútọ̀nù ní ọdún 1885 wọ inú adágún, iyọ̀ a sì wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń gbé orí omi ń fi owó ra omi.

Mo yọ fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Mo gbàgbé ohun tí ìyá mi sọ. Obìnrin kan tí ó ń ta ẹja yíyan fa akẹtẹ̀ rẹ̀ bo ojú, ó sì fi èdè Yorùbá tí ó já gaara sọ pé, "Bàbá, ṣé ọjà lẹ wá rà ni, àbí ojú wa lẹ wá kó lọ?"

Ojú tì mí. Mo fi fóònù sí àpò, mo tọrọ àforíjì. Mo béèrè ibi tí ó ti gbọ́ Yorùbá. Ó ní òun gbé ní Àgbádárìgì fún ọdún mélòó kan, pé òun a máa ná ọjà Ọ̀jọ́ nígbà náà. A ná ẹja títí, mo san owó sẹ́fà fún un, ó kó o fún mi. Nígbà tí mo ti ń yí padà, ó pè mí, ó ju ẹja méjì sí i. Ó ní, "Ènì yín nìyí." Láti ìgbà náà, kò bo ojú mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tún yọ fóònù.

Bí a ti ń padà sí èbúté, mo ń ronú sí àwòrán inú kàlẹ́ńdà. Nígbà tí títì dé ilẹ̀ Thailand, ọ̀pọ̀ ọjà orí omi wọn kú. Àwọn àlejò tí ó ń wá wòran ni ó gbé púpọ̀ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù ró. Àlejò ń wá sí Ganvié pẹ̀lú, owó wọn sì wúlò. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò jí ní òru nítorí mi. Ó jí nítorí aládùúgbò rẹ̀ tí yóò se ọbẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ó jẹ́ pé àwa nìkan ni ó ń dúró dè, orúkọ ọjà lè wà níbẹ̀ kí ọjà má sí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Igbó-Elérin tiwa tí kò ní igbó, tí kò sì ní erin.

Mo dé ilé ní alẹ́ ọjọ́ kẹta. Ìyá mi tú ẹja náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ẹni tí ó yan án mọ iṣẹ́. Mo sọ fún un nípa ènì. Mo sọ fún un pé obìnrin náà ti ná ọjà Ọ̀jọ́ rí. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó sún mọ́ mi.

Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

N kò béèrè.