Má Dúró Di Ọjọ́ Ìkómọ

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti fi tó mi létí pé o ti fẹ́ra kù ni inú mi ti ń dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Jọ̀wọ́, má dúró di ọjọ́ ìkómọ kí o tó máa bọ́ ọmọ. Inú rẹ ló ti ń jẹun.

Kí oyún tó pé oṣù kan ni ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń fìdí múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fólíìkì ásíìdì tí nọ́ọ̀sì fún ọ kò fi gbọdọ̀ máa sùn sínú àpò. Lò ó lójoojúmọ́, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún lọ fún àyẹ̀wò tó ìgbà 8, ó kéré tán. Má pa ọ̀kankan jẹ.

Mo fi ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ránṣẹ́ sí ọ láti Fìdítì níbí. Bí o bá jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tán, bó ọsàn kan kí o fi tẹ̀ lé e. Fítámì C inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara rí èròjà tó ń di ẹ̀jẹ̀ gbà nínú ẹ̀fọ́ náà. Má fi tíì sin oúnjẹ, torí ó máa ń dí èròjà yẹn lọ́nà.

Wọ́n á sọ fún ọ pé bí aboyún bá jẹ ẹyin, ọmọ rẹ̀ á jalè. Bó bá jẹ ìgbín, itọ́ á máa dà lẹ́nu ọmọ. Àbẹ̀kẹ́, má gbà á. Ẹyin àti ìgbín wà lára ohun tó ń mú ẹran ara ọmọ dì. Sè wọ́n jinná, kí o jẹ wọ́n.

Ebi inú oyún kì í tán lára bọ̀rọ̀. Ìyàn mú púpọ̀ nígbà ogun Bíáfúrà. Ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣègùn yẹ àwọn tí wọ́n bí lásìkò náà wò ní Ẹnúgù: ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìṣòro ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára wọn ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ.

Ka lẹ́tà yìí sétí ọkọ rẹ. Tirẹ̀ ni owó ẹyin àti ẹja. Kó má jẹ́ kó wọ́n ọ.

Jẹun dáadáa, ọmọ mi. Ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, láṣẹ Èdùmàrè.

Èmi ni ìyá rẹ.