Àpótí Tíì Bàbá Àgbà Rẹ

Hwolshe, Jos

Àníkẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ láti ọjà Portobello, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọmọ tí mo máa ń bẹ̀ bí ẹni ń bẹ òòṣà kó tó bá mi nu eruku orí kọ́bọ́ọ̀dù níbí, òun ló wá ń jí ní ìdájí Sátidé ní London lọ wo ẹrù àtijọ́! O ní o ra àpótí tíì kékeré kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. O wá bi mí bóyá irú rẹ̀ náà ni ti Bàbá Àgbà rẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Wọ́n jọra lóòótọ́. Àwọn Ọba George mẹ́rin jẹ tẹ̀lé ara wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1714 sí 1830, ayé wọn sì ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ gbòde. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, caddy, ara kati ni wọ́n ti yọ ọ́, ìwọ̀n tí àwọn ará Malay fi ń wọn ọjà, tó tó bíi 600 gíráàmù. Tíì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń rà ní tọ́rọ́-kọ́bọ̀ nígbà náà. Owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀ ju owó tíì fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún 1784 ni wọ́n tó já a wálẹ̀ láti nǹkan bí 119 sí 12.5 lórí ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi ní àgádágodo. Ìyáálé ilé ló ń mú kọ́kọ́rọ́ dání, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sì ń tì í mọ́.

Tíì wá di ọjà pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ní Rayfield tí kò jìnnà sí wa yìí, wọ́n ṣì ń tì í mọ́ bàbá mi.

Ìwọ ò bá a láyé, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti gbéra lákòókò ogun Hítílà. Àwọn ará Japan ti gba Malaya ní 1942, ibẹ̀ sì ni òyìnbó ti ń rí tánńganran, ni gbogbo ojú bá yí sí Jos, níbi tí tánńganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, wà. Wọ́n ń fipá kó àwọn èèyàn lọ sí ibi ìwakùsà nígbà náà. Bàbá mi ríbi sá sí, ó di kúkù nílé ọ̀gá awakùsà kan. Ojoojúmọ́, bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, á gbé omi gbígbóná dúró. Mádàámù á ṣí àpótí, á bu ṣíbí mẹ́ta, á tì í padà. Bàbá mi kì í bínú tó bá ń sọ ọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Wọ́n á kó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, wọn ò ní ka ṣéńjì. Àmọ́ tíì? Rárá o."

Lẹ́yìn òfin 1972 tó ní kí òwò bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn. Àpótí yẹn ni wọ́n fi ta bàbá mi lọ́rẹ. Títì ló wà. Kọ́kọ́rọ́ ti bá mádàámù wọkọ̀ òfúurufú.

Wò ó, ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Bàbá mi ò fọ́ àgádágodo. Ó ní òun ò ní fọwọ́ ara òun sọ ara òun di olè lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀yìn ló gbà: ó fi ìṣó lu irin inú híńjì jáde, ó gbé ìdérí láti ẹ̀yìn, ó tú irin tí àgádágodo kọ́ mọ́ lábẹ́ ìdérí. Eruku tíì díẹ̀ ló bá nísàlẹ̀. Màmá mi sè é, wọ́n mu ún. Màmá ní kò yàtọ̀ sí omi tí wọ́n fi ṣan koríko. (Ìwọ má dán an wò o. Òjé ni wọ́n fi tẹ́ inú àwọn àpótí yẹn.) Ó fi híńjì tuntun sí i, láti ọjọ́ náà ni òwú ìránṣọ àti rìsíìtì owó orí ti ń gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí tìrẹ, má wo ojú rẹ̀, wo súkúrù rẹ̀. Ti ayé àwọn Ọba George, ẹnu rẹ̀ kì í mú. Àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó gbòde. Gbogbo súkúrù híńjì tiwa ló mú ṣóńṣó. Ẹni tó ń tajà á ní wọ́n ti bà á jẹ́, á gé owó rẹ̀ kù. Jẹ́ kó gé e.

Igi tìrẹ àti tiwa ni mahogany, ìbátan ọ̀gánwó wa. Jàmáíkà, Kúbà àti Honduras ni wọ́n ti ń kó o lọ sí London nígbà náà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti apá ọ̀dọ̀ wa níbí sì wà lára àwọn tó ń gé e. Máa rántí wọn tí o bá ń fi epo nù ún.

Ọyẹ́ Jos ò dára fún tiwa. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ara rẹ̀ ṣí níbi igun kan, mo gbé e tọ káfíńtà lọ. Kí n tó fọwọ́ nu ojú, ó ti mú sáńpépà, ó ní òun máa fọ̀ ọ́ kó funfun, kí òun wá fi fáníṣì kùn ún. Mo já a gbà bí ẹni já ọmọ gbà lọ́wọ́ ajọ́mọgbé. Àpá ibi tó ṣí náà ṣì wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó èékánná.

O ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Kò ní ṣeé ṣe. Eyín erin ni wọ́n fi yí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ká, òfin sì ti há ọ̀nà mọ́ eyín erin láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Orílẹ̀-èdè tí o wà gan-an ṣòfin tirẹ̀ ní 2018 lórí títà á. Bí kò tilẹ̀ sí òfin, mi ò ní gbé e fún àwọn tó ń ju ẹrù ní pápákọ̀ òfúurufú.

Wá wò ó nílé ní Kérésìmesì. Irin tí bàbá mi tú lábẹ́ ìdérí wà nínú rẹ̀, mo dì í sínú aṣọ. Àgádágodo náà kò tíì yí láti ìgbà tí mádàámù ti tì í.

Mú kọ́kọ́rọ́ tìrẹ dání. Mo fẹ́ kí a jọ kì í bọ̀ ọ́ wò.

Èmi ni,
Màmá rẹ