Èmi Ò Dáná Sun Oko Mọ́



Nígbà ọdún Ifá tó kọjá, àbúrò kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí iná wọ oko mi mọ́. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ojú ló ń tì mí.

Láyé bàbá mi, wọ́n á ṣán oko, wọ́n á sun ún, tó bá di ọdún kẹta wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Ilẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Èmi, éékà méjì péré ni mo ní, ibẹ̀ náà ni mò ń sun lọ́dọọdún. Lóṣù Èrèlé 2019, afẹ́fẹ́ gbé iná mi kọjá ààlà, ó wọ igbó kékeré tí mo ti ń já ewé. Akòko jó. Ọ̀pẹ Ifá kékeré méjì tí mo fọwọ́ ara mi gbìn jó. Odidi ọdún kan ni mo fi ń ra ewé lọ́jà, èmi awo!

Láti ìgbà náà, koríko tí mo bá ṣán ni mo fi ń bo ilẹ̀. Mo gbin àgúnmániyè ní ìlà ìlà, irú èyí tí àwọn ará IITA n'Ìbàdàn ti ń dán wò tipẹ́. Ewé rẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni mo ń kó sídìí àgbàdo, àpò yúríà tí mo ń rà sì ti dín kù. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe yúríà yẹn, èéfín ti wà nínú ẹ̀ kó tó dé oko. Bẹ́ẹ̀ náà ni kábọ́ọ̀nù tí igi àti koríko ti kó pamọ́: tá a bá sun ún, òkè ló ń lọ, òun ló ń há ooru mọ́ ayé, tá a fi ń ráhùn pé òjò ò mọ àsìkò mọ́. Mo mọ̀ pé èéfín tèmi ò tó ti àwọn tó ń sun gáàsì nídìí kàǹga epo. Ṣùgbọ́n tọwọ́ mi ni wọ́n máa bi mí.

Mi ò ní purọ́ fún yín o. Lọ́dún àkọ́kọ́, èpò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àgbàdo ò sì tó ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní ọ̀lẹ ló dé sí mi. Ọdún kẹta ni òjò dáwọ́ dúró pẹ́ lóṣù Ògún. Mo ṣí koríko wò, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀yin ọlọ́bàtálá, ẹ gbọ́ èyí: ìgbín ti padà! Abẹ́ ewé tútù ni wọ́n ń gbé, iná ló lé wọn lọ.

Ó ku ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ṣì ń sun tiẹ̀. Mo bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Òótọ́ ló sọ. Mo ti ṣa ìgbín méjìlá sínú agbọ̀n. Kí Èrèlé tó dé, màá gbé e lọ bá a, màá sì bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ́ ká jọ ro ààlà wa.