Fọ́tò Tí A Lẹ̀ Pọ̀ Àti Òtítọ́ Inú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa bí wọ́n bá gbọ́ pé a gé lára fọ́tò kan, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn nínú kọ̀ǹpútà. Lójú tiwọn, irọ́ pátápátá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le lónìí. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé onífọ́tò ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn yóò fi ìlà yí ibi tó fẹ́ ká lára fọ́tò. Ìlà náà a máa rìn bí ọ̀wọ́ èèrà. Yóò ṣe ẹ̀dà ohun tó wà láàárín rẹ̀, yóò sì lẹ̀ ẹ́ sórí fọ́tò mìíràn, láìjẹ́ pé fọ́tò àkọ́kọ́ dín. Bill Atkinson, òṣìṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà, ti fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sínú MacPaint tó jáde ní 1984. Photoshop, iṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Thomas àti John Knoll, tẹ̀ lé e ní 1990.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé rárá ni àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ti ń dá irú àrà yìí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì, èyí tó kù ni wọn yóò yà. Nínú iyàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, wọn yóò tẹ ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, yóò wá dà bí ẹni pé ìbejì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọ-tabo, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọn a yà á, wọn a tún wọ ti obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Fọ́tò yìí ni àwọn mìíràn ń lò dípò ère ìbejì.

Ta ni wọ́n tàn jẹ? Kò sí. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, aládùúgbò mọ̀ pé Táíwò tàbí Kẹ́hìndé ti lọ. Ohun tí fọ́tò náà ń sọ ni pé méjì ni wọ́n bí, òtítọ́ sì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí bàbá mi àgbà. Ahunṣọ ni wọ́n ní Ìsẹ́yìn. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀: wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó nídìí òfì. Ẹbí ní kí n gé orí Bàbá, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ agbádá léèsì kan tí mo ti rí lọ́rùn òkú mẹ́ta lára pósítà. Mo ní ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ hun ẹtù kò gbọdọ̀ yá léèsì wọ̀ lẹ́yìn ikú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dáhùn pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé síńgílẹ́ẹ̀tì ni kí àlejò bá bàbá wa nínú rẹ̀?" Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Níkẹyìn, bàbá mi gbé agbádá ẹtù tí Bàbá hun fún wọn wọ̀, a yà wọ́n, mo sì lẹ orí Bàbá sí ọrùn ọmọ wọn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Orí Bàbá ni, aṣọ tí wọ́n hun ni, èjìká ọmọ wọn ni." A gbé fọ́tò síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ṣì ń bínú pé àkọlé náà ba ẹwà fọ́tò jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò tíì bí kò mọ Bàbá. Ohun tó bá rí lára ògiri ni yóò gbà gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó lẹ orí ẹlòmíràn mọ́ ara tí kì í ṣe tirẹ̀ láti bà á lórúkọ jẹ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn òbí ìbejì kò fi nǹkan kan pamọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ń kú, fọ́tò kì í kú. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wa, bí a bá lẹ fọ́tò pọ̀, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú èyí tí a gé, kí a sì kọ ohun tí a ṣe sábẹ́ èyí tí a lẹ̀.