Wá, Jókòó, Jẹun

Ọ̀rọ̀ tí òbí ń bá ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò pọ̀ rárá: wá, jókòó, jẹun, má fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Ní Igbóbì ní ìlú Èkó, ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí wọ́n jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ wọn. Wọ́n ní nítorí ilé-ìwé ni, àti pé Yorùbá yóò wá fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá dàgbà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kúbà kò fi hàn pé èdè a máa wá fúnra rẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá ni a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí oko ẹrú tó parí níbẹ̀ ní 1886. Wọn kò gbàgbé òrìṣà. Títí di òní, "moyuba" tí wọ́n ń wí ní ojúbọ ni "mo júbà" wa. "Omi tuto" ni "omi tútù". Ní 1957, Lydia Cabrera kó ọ̀rọ̀ Lùkùmí wọ̀nyí jọ rẹpẹtẹ sínú ìwé Anagó. Síbẹ̀, bí ọmọ Kúbà bá ṣubú, èdè Sípéènì ni ìyá rẹ̀ fi ń tù ú nínú. "Ven acá" ni ó sì fi ń pè é. Èyí tí a fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀ kù. Èyí tí a fi ń pe ọmọ wá jẹun ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ gbólóhùn kékeré kan wò: "Lọ gbé bàtà rẹ wá." Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan tí ó so wọ́n pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa làágùn lórí irú rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọmọ ọdún méjì tí ó mú bàtà dé ti lóye rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni "o" àti "ẹ". "O" ni òbí ń lò fún ọmọ, "o" náà ni ọmọ ìbá sì fi dá a lóhùn, bí kì í bá ṣe pé ìyá fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: "Sọ pé, 'Ẹ ṣé, mà.'" Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ yìí. (Sípéènì ní tirẹ̀: "tú" yàtọ̀ sí "usted".)

Ní ti ilé-ìwé tí wọ́n fi ń ṣe àwíjàre, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fọwọ́ sí ètò fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní 2022. Ní 2025 wọ́n fagi lé e.

Nígbà náà, ilé ni ó kù. Ìyá àgbà tí ó bá ti òkè wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Igbóbì a na ọwọ́, a ní, "Wá, ọkọ mi." Ọmọ náà a kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá a sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gbé ẹsẹ̀.